Linux lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀: nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò gbéra

Linux jẹ́ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a kì í san owó fún. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tó ṣì ń kàwé ní Yunifásítì Helsinki. Fún ẹni tó ń gbé Ifákọ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbàgádà ní Kosofe, Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà ní Èkó, kò jìnnà. Ibẹ̀ ni Dell Latitude, HP EliteBook àti Lenovo ThinkPad tí wọ́n ti lò ní òkè òkun pọ̀ sí. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, ọ̀rọ̀ Linux kàn wá gan-an: Windows 11 ń béèrè ẹ̀yà ààbò tó ń jẹ́ TPM 2.0, kì í sì í gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ṣì lágbára.

Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ètò inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jí: BIOS lára ti àtijọ́, UEFI lára ti ìsinsìnyí. Òun ló ń wá háàdì kàn, tó sì ń pe GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde. GRUB á gbé kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux, àti initramfs, àkójọ fáìlì kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra, sínú mẹ́mórì, kernel á dá ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀, á fa iṣẹ́ lé systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn iṣẹ́ yòókù, lọ́wọ́, ojú ìwé ìwọlé á sì yọ. Ibi tí ìrìn náà bá ti dúró ni kí a ti wá àléébù. Kíkánjú tún Linux gbé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń pa fáìlì tí kò yẹ kó kú, ó sì máa ń fi ohun tó fa ìṣòro sílẹ̀ síbẹ̀.

Bí GRUB kò bá tilẹ̀ yọ, tí ẹ̀rọ ní òun kò rí ibi tí òun yóò ti gbéra, inú UEFI ni ká kọ́kọ́ wò. Ó lè jẹ́ pé UEFI ni a fi gbé Linux sí i, tí ẹ̀rọ wá padà sí Legacy, ìyẹn ọ̀nà BIOS àtijọ́. Lára tòkunbọ̀, bátìrì kékeré CR2032 tó ń tọ́jú aago àti ètò inú ẹ̀rọ lè fa èyí. Bó bá ti kú, ohun tí a ṣètò lè pa rẹ́ nígbà tí iná bá kúrò lára ẹ̀rọ pátápátá. Linux tó ṣiṣẹ́ lánàá lè má gbéra lónìí, àwọn tó ń tún un ṣe á sì máa dá háàdì lẹ́bi. Àmì rẹ̀ ni ọjọ́ tó padà sẹ́yìn lọ́dún púpọ̀. Ọjọ́ tí kò tọ́ yìí náà ló ń mú kí apt, ètò tó ń gba sọ́fítíwià wọlé, àti àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ fún ènìyàn. Owó bátìrì náà kéré gan-an sí owó háàdì tuntun.

Àwọn HP kan wà tó jẹ́ pé Windows nìkan ni wọ́n ń wá. Ká tẹ F9, ká fi ọwọ́ yan fáìlì shimx64.efi nínú àpò ubuntu. Bí ìgbà tí a ń gbé Linux sí i ló sì jẹ́ tí háàdì kò hàn, ó ṣeé ṣe kó wà lórí RAID. AHCI ni ká yí i sí nínú UEFI. Àmọ́ bí Windows bá ṣì wà níbẹ̀, ká múra sílẹ̀ fún un kó tó di pé a yí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun náà kò ní gbéra.

Bí ó bá jẹ́ “grub rescue>” ló yọ, GRUB ti jí, ṣùgbọ́n kò rí fáìlì rẹ̀ mọ́, bóyá nítorí pé ẹnìkan pa apá kan háàdì rẹ́. Fíláàṣì Linux la ó fi wọlé, ká tún grub-install ṣe. Bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú lẹ́yìn GRUB, káàdì àwòrán ni ká fura sí, pàápàá Nvidia: ká tẹ lẹ́tà “e” lójú GRUB, ká kọ nomodeset sí ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, ká tẹ F10. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn péré ló wà fún. Dírẹ́fà tó yẹ ló ń parí rẹ̀.

Iná tí wọ́n ń mú lọ lójijì tún ni ọ̀ràn mìíràn, nítorí bátìrì tòkunbọ̀ kì í sábà dúró. Bí ẹ̀rọ bá bọ́ sí “(initramfs)”, fsck la fi ń tún ètò fáìlì tó bàjẹ́ lórí háàdì náà ṣe. Bó bá ń padà wá lemọ́lemọ́, ká kó fáìlì wa jáde ná, ká tó fi smartctl yẹ ara háàdì wò.

Wi-Fi Broadcom kì í sábà ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Fóònù Android tí a fi okùn USB so mọ́ ẹ̀rọ lè fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò fi gba dírẹ́fà rẹ̀ wọlé. Láti Debian 12, irú Linux kan tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọ̀pọ̀ fáìlì tí àwọn káàdì Wi-Fi nílò ti wà nínú ohun ìfisílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ ra láptọ́ọ̀pù kó mú fíláàṣì Ubuntu, irú Linux kan, dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kó fi gbéra níbẹ̀ láìfọwọ́ kan háàdì, kó dán Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà àti oorun ẹ̀rọ wò, kó tó sanwó.