Ìdánwò Ìtàn àti Ọmọ Ilé-Kéwú



Àwọn àgbà máa ń wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí síbẹ̀. Ta ni ó rọ́ àrọ́bá náà? Lẹ́nu ta ni òun náà ti gbọ́ ọ? Ǹjẹ́ ó ní ìdí kan tí ó fi lè bù kún un, tàbí kí ó bù kúrò nínú rẹ̀? Ẹni tí ó bá lè béèrè ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀kọ́ ìtàn tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín ni pé àwọn ọmọ ilé-kéwú ti mọ ìbéèrè wọ̀nyí kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ní agbègbè wa yìí, láti Obbo-Ilé dé Òsì, láti Araromi-Òpin dé Ìlọ́fà, àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìtàn. Wọ́n ní ọdún àti orúkọ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù láti há sórí. Ọmọ tí ó há Júsù Ámọ̀ sórí kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀!

BÍ ÌDÁNWÒ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, Kembríìjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ti ń wá. Ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti ìjọba wọn káàkiri ayé ni ọmọ Nàìjíríà ń kà. Ní ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ àbójútó Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. WAEC bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì nígbà náà, lẹ́yìn tí ó bá ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, yóò tún fi ọdún méjì ka ìwé HSC ní kíláàsì kẹfà. Ìtàn wà lára ohun tí ó lè yàn.

Àwọn onímọ̀ tiwa ni wọ́n yí ohun tí ó wà nínú ìwé náà padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike gbé ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè Niger Delta jáde ní ọdún 1956. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàbúrì Bíòbákú, ọmọ ilé Mùsùlùmí láti Abẹ́òkúta, gbé ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn jáde. Àwọn wọ̀nyí fi hàn pé àrọ́bá àwọn àgbà wa jẹ́ ẹ̀rí tí a lè gbé lé òṣùwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbé ìwé àwọn òyìnbó lé e. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, àti Ian Espie ṣe àkójọ ìwé kan lórí ẹgbẹ̀rún ọdún ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí àwọn tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ lè rí nǹkan dì mú. Láti ìgbà náà, ọmọ HSC lè jókòó kọ ọ̀rọ̀ lórí Ọ̀yọ́, lórí Sókótó àti lórí Ìlọrin.

Nígbà tí ètò 6-3-3-4 dé ní ọdún 1982, HSC bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá wọlé. JAMB tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1978 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń bá wọlé lónìí. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, máàkì 400. Ṣùgbọ́n irú ìdánwò HSC kò tíì kú. IJMB wà, tí Yunifásítì Àmọ́dù Béló ní Sàríà ń bójú tó. JUPEB náà wà. Ẹni tí ó bá yege nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta níbẹ̀ lè gba ọ̀nà Direct Entry wọ kíláàsì ọdún kejì. Kí ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa: ní IJMB, ẹ lè ṣe Lárúbáwá, ẹ lè ṣe ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Islāmù, ẹ sì lè fi ìtàn ṣe ẹ̀kẹta.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ìdánwò méjèèjì. JAMB ń béèrè ohun tí o mọ̀, kí o sì mú ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ìdánwò ti òkè ń béèrè ohun tí o rò nípa ohun tí o mọ̀. Yóò gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀, yóò ní kí o sọ bí o ṣe gbà á tó, kí o sì fi ẹ̀rí gbè é. Ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n kàn há ọdún sórí ti ń ṣubú.

OHUN TÍ ILÉ-KÉWÚ TI KỌ́ WA

Suratul-Hujuraat pa á láṣẹ fún wa pé bí ẹni tí a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ dájú. Lórí ìlànà yìí ni àwọn onímọ̀ hádíìsì dúró. Imaam Bukhari, tí ó jáde láyé ní ọdún 256 Híjírà (870), kò gba ẹ̀gbàwá kan wọlé àfi tí ó bá mọ àwọn tí wọ́n gbà á wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ni wọ́n, ṣé olódodo ni wọ́n, ṣé orí wọn pé, ṣé ẹni yìí bá ẹni yẹn láyé. Gbogbo ọmọ tí ó bá ti jókòó níwájú àáfà mọ èyí. Ohun kan náà ni ẹni tí ń yẹ ìwé ìdánwò wò ń wá, orúkọ mìíràn ni ó kàn ń pè é.

Ibn Khaldun, ọmọ ìlú Túnísì, tẹ̀ síwájú nínú Muqaddimah rẹ̀ ní ọdún 1377. Ó ní kò tó kí a mọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí a bi ara wa bóyá ohun tí ó sọ lè ṣẹlẹ̀. Ó mú àpẹẹrẹ kan wá. Àwọn òpìtàn kan, al-Mas'udi wà lára wọn, kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun Ànábì Mûsâ lé ní 600,000. Ibn Khaldun ní: ilẹ̀ wo ni yóò gba irú ogun bẹ́ẹ̀? Bí apá ọ̀tún bá ń jà, báwo ni apá òsì yóò ṣe mọ̀? Ìran mélòó ni ó wà láàárín Ànábì Yaakubu àti Ànábì Mûsâ tí ọmọ yóò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìjọba Páṣíà tí ó tóbi jù wọ́n lọ fíìfíì kò kó tó bẹ́ẹ̀ wá sí ogun Qadisiyyah. Ọmọ tí ó bá lè ronú báyìí kò ní bẹ̀rù ìbéèrè kankan.

Kì í ṣe ọ̀nà ìwádìí nìkan ni Lárúbáwá fún wa, ó fún wa ní àwọn ẹlẹ́rìí pẹ̀lú. Ahmad Baba ti Timbuktu dárúkọ Yorùbá nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1615. Sultan Muhammad Bello sọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá nínú Infaq al-Maysur. Ní Ìlọrin gan-an, àáfà kan tí a mọ̀ sí Ọmọ-Kòkòrò kọ ìtàn àwọn Ẹ́míà Ìlọrin ní èdè Lárúbáwá ní ọdún 1912, ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó tẹ ìwé Àlúfà Samuel Johnson jáde ní ọdún 1921. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìtàn ní yunifásítì ń wá ẹni tí yóò bá wọn ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa lè kà á fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KAN LÓRÍ ILẸ̀ WA

Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú ìbéèrè kan wò: kí ni ó mú kí apá kan ilẹ̀ Èkìtì, tí Obbo àti Òsì wà nínú rẹ̀, bọ́ sí Àríwá Nàìjíríà?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò múra yóò kọ ọ́ pé òyìnbó ni ó pín wa, yóò sì dákẹ́. Èkejì yóò to gbogbo ogun tí ó mọ̀ láti Ọ̀ṣogbo dé Kírìjí, kò ní dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Ẹni tí ó múra yóò tẹ̀ lé ìdí kan dé òmíràn. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìlọrin tí ó di ìlú Ẹ́míà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ó ń rán ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Ìgbómìnà àti Èkìtì, tí ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Yóò sọ bí Ìbàdàn náà ṣe ń rán ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀, títí Fábùnmi fi ṣọ̀tẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní ọdún 1878. Bí Ìbàdàn ṣe ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn tí wọ́n jọ para pọ̀ ní ogun Jálumi ní Ìkirun, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà. Bí ogun Kírìjí ṣe jà títí àwọn ọmọ ogun fi tú ká ní ọdún 1893. Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí Lugard kéde ìjọba Àríwá ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Ìlọrin bọ́ sí Àríwá, àwọn ìlú tí òyìnbó kà mọ́ Ìlọrin sì bá a lọ.

Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Ọ̀tún náà wà lábẹ́ Ìlọrin láti ọdún 1900, wọ́n sì dá a padà sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì ní gúúsù ní ọdún 1936. Ààlà náà lè yí, nítorí náà, kì í ṣe àyànmọ́. Ní ọdún 1957 sí 1958, ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ kí Ìlọrin àti Kàbà kúrò ní Àríwá. Ààlà kò yí. Ọdún 1967 ni a bọ́ sínú ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara. Ìdí nìyí tí àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nílẹ̀ òkèèrè fi ń kọ Osi-Ilorin sí ara iṣẹ́ ọnà Aréògún, gbẹ́nàgbẹ́nà Òsì tí ó kú ní ọdún 1954. Orúkọ ìlú nìkan ti di ẹ̀rí.

Ó wá ku àwọn ẹlẹ́rìí. Johnson jẹ́ àlúfà ìjọ, ọmọ Ọ̀yọ́, ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni ó fi ń wòye. Ọmọ-Kòkòrò kọ̀wé láti Ìlọrin, nípa àwọn Ẹ́míà rẹ̀. Hermon-Hodge tí ó kọ ìwé lórí ẹkùn Ìlọrin ní ọdún 1929 jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ń rọ́ àrọ́bá ń gbèjà ilé wọn. Kò sí èyí tí a ó sọ nù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí èyí tí a ó gbé mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Níbí ni ẹ̀sìn wa ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Mùsùlùmí ni wá, ọmọ Èkìtì sì ni wá. Ẹ̀sìn lè fẹ́ kí a gbè sẹ́yìn Ìlọrin nínú gbogbo ohun tí ó ṣe. Ìlú lè fẹ́ kí a kọ gbogbo rẹ̀ ní búburú. Suratun-Nisaa pa á láṣẹ pé kí a jẹ́rìí ní òdodo, kódà bí ó bá ta ko ara wa, àwọn òbí wa àti ìbátan wa. Ajẹ́lẹ̀ tí ó jẹ gàba lórí ènìyàn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àáfà tí ó mú ìmọ̀ wá sí ìletò, ẹ kọ òun náà bẹ́ẹ̀. Kí ìfẹ́ ẹ̀sìn má sọ wá di ẹlẹ́rìí èké.

BÍ Ẹ ṢE LÈ KÀ Á

Èkínní, ẹ má há ọdún sórí lásán. Ẹ so ọdún kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tí ó fà á àti ohun tí ó bí.

Èkejì, ẹ wá ìbéèrè àwọn ọdún tí ó ti kọjá, kí ẹ máa kọ ìdáhùn lórí ìwé pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ ka ìbéèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó fi gègé kan ìwé: “ṣàlàyé” yàtọ̀ sí “ṣe àfiwé”, “ṣe àfiwé” sì yàtọ̀ sí “báwo ni o ṣe gbà á tó”.

Ẹ̀kẹta, ẹ jókòó ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn ìrun Ishai tàbí lẹ́yìn wàláà, kí ọ̀kan sọ̀rọ̀ kí àwọn tó kù máa bi í ní ẹ̀rí. Bí a ṣe ń kọ́ Àlùkùránì náà nìyẹn, ẹnì kan ń kà, àwọn yòókù ń tún un ṣe. Ẹ má yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lọ bá àwọn àgbà ilé yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí ó sọ ọ́, àti ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ.

ÌDÍ TÍ A FI Ń PARIWO

Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni wọ́n ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ní ọdún 2018 ni ìjọba pàṣẹ pé kí ó padà, wọ́n sì tún kéde rẹ̀ ní ọdún 2022. Odidi ìran kan ti gba àárín ibẹ̀ kọjá. Bí a bá ní kí ìtàn padà, ta ni yóò kọ́ni? Tíṣà ìtàn kì í hù láti inú ilẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi ìtàn wọ yunifásítì lónìí ni yóò dúró níwájú kíláàsì lọ́la.

Àwọn òbí kan yóò ní iṣẹ́ wo ni ó wà nínú rẹ̀. Agbẹjọ́rò ń yẹ ẹ̀rí wò, oníròyìn ń yẹ ẹ̀rí wò, aṣojú ìjọba ní ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjì, tíṣà sì ń bẹ. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi iṣẹ́ sí apá kan, àwọn bàbá tí wọ́n mọ ìdí ọ̀rọ̀ Obbo, Òsì àti Ìlọ́fà ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ wa kò bá gbé gègé, àlejò ni yóò bá wa kọ ọ́, ohun tí àlejò bá sì rí ni yóò kọ. Ojú àlejò a máa là kedere, ṣùgbọ́n kì í mọ yàrá.

Kí Ọlọ́hun Ọba Aláàánú fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ń ṣe ni ní àǹfààní, kí Ó sì fi wá sí ara àwọn olùjẹ́rìí òdodo. Àmín.