Olè Tí Kì Í Tajà: Ìtàn Stéphane Breitwieser

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní olè tí ó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ìbéèrè yìí gan-an ni ìgbésí ayé Stéphane Breitwieser gbé ka iwájú wa. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. A bí i ní ọdún 1971 ní agbègbè Alsace. Láàárín ọdún 1995 sí 2001, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́, ó jí iṣẹ́ ọnà 239 ní mùsíọ́ọ̀mù 172 káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ ni ó ń ṣe, owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ilé ìyá rẹ̀ ni ó sì ń gbé. Síbẹ̀, kì í jí wọn láti tà. Kí wá ni ó ń fi wọ́n ṣe?

Ọgbọ́n tí ó ń ta

Ẹni tí ó bá ń wo sinimá lè rò pé òru ni irú olè bẹ́ẹ̀ máa ń wọlé, tí yóò fi okùn sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé. Ti Breitwieser kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni ó ń jalè, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó mọ̀ pé àwọn mùsíọ́ọ̀mù kéékèèké àti ààfin àtijọ́ kì í lówó láti gba ẹ̀ṣọ́ púpọ̀, àwọn ni ó sì dójú lé. Ọ̀bẹ kékeré inú àpò àti ẹ̀wù òtútù fífẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ a máa ṣọ́nà fún un. Òun a máa tú ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àlejò mìíràn bá wọlé, a dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ń wo àwòrán. Báyìí ni ó ṣe gbé ère Ádámù àti Éfà tí Georg Petel fi eyín erin gbẹ́ kúrò ní ilé Rubens ní ìlú Antwerp ní ọdún 1997. Kò lu ẹnikẹ́ni, kò fọ́ ilẹ̀kùn. Ìfọkànbalẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀.

Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀

Àìsàn kan wà tí í mú kí ènìyàn máa jí ohun tí kò wúlò fún un, tí ìtìjú yóò sì bò ó lẹ́yìn náà. Ti Breitwieser kò jọ èyí. Ó ń ṣa ohun tí ó fẹ́ ní ṣíṣà, ó sì ń ka ìwé nípa wọn. Ó ní ẹwà ni ó ń fà òun, pé aṣàkójọ ni òun, òun kì í ṣe olè. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, bàbá rẹ̀ kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé lọ. Àwọn kan rí èyí gẹ́gẹ́ bí ọgbẹ́ tí ó ń wá oògùn fún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ẹwà náà parí sí: yàrá kan ní òkè àjà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ohun tí gbogbo ayé ń wò tẹ́lẹ̀ di ohun tí ojú ènìyàn méjì péré ń rí. Ṣé ìfẹ́ ni a ó pe èyí, àbí ìmọtara-ẹni-nìkan?

Ọjọ́ kan ni tolóhun

Ọwọ́ ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Lucerne ní Swítsàlandì ní ọdún 1997, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó lọ ẹ̀wọ̀n. Kò gbọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, ó jí kàkàkí kan tí wọ́n rọ ní ọdún 1584 ní mùsíọ́ọ̀mù Richard Wagner ní ìlú kan náà. Ẹ̀rù ìtẹ̀ka ọwọ́ ba ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ni àwọn méjèèjì bá padà lọ kí obìnrin náà lè nù ún kúrò. Akọ̀ròyìn kan tí ń mú ajá rẹ̀ rìn kiri rí ọkùnrin náà níta, ó fura sí i, ó sì ta àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lólobó. Bí ọlọ́pàá ṣe mú un nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ jù ni ilé. Nígbà tí ọlọ́pàá fi dé òkè àjà, òfìfo ni wọ́n bá. Ìyá rẹ̀ ti ju ọ̀pọ̀ ohun ọnà náà sínú odò tí wọ́n gbẹ́ láti so odò Rhône mọ́ Rhine, ó sì ti gé àwọn àwòrán wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó ní ìbínú sí ọmọ òun ni ó fà á. Àwọn mìíràn gbà pé ẹ̀rí ni ó fẹ́ pa rẹ́. Wọ́n rí ohun tí ó lé ní 100 yọ nínú omi, ṣùgbọ́n nǹkan bí 60 àwòrán ṣègbé. Àwòrán ọmọ ọba Sibylle ti Cleves, iṣẹ́ Lucas Cranach, wà lára àwọn tí a kò rí gbà padà.

Ilé ẹjọ́ Swítsàlandì dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún un ní ọdún 2003, ti Faransé sì dájọ́ fún òun, ìyá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ní ọdún 2005. Ó kọ ìwé nípa ara rẹ̀ ní ọdún 2006. Ẹni tí ó rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí kò mọ bí ìfẹ́-ọkàn ti lágbára tó: wọ́n tún mú un ní ọdún 2011 àti ní ọdún 2019.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá wu ojú ni ọwọ́ gbọdọ̀ kàn. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé dà bí kànga àárín ìlú: gbogbo ará ìlú ni í pọn ọ́n, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọkùnrin yìí jí kàkàkí, kò sì rí ibi tí yóò ti fọn ọ́n. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí náà ti pàdánù àwọn àwòrán tí ó sọ pé òun fẹ́ràn jù lọ.