Oorun Dá Lójú Mi

Ìgò náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Bàbá awakọ̀ kan ló nà án sí mi lórí bẹ́ǹṣì ní Ọ̀fà Garage, n'Ílọrin, láàárín ariwo àwọn tó ń pe èrò Ọ̀fà. Ó ní kí n bá òun ka ohun tó wà lára rẹ̀.

"Alaalẹ́ ni, Bàbá. Ẹ̀kán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan."

"Ìyẹn yé mi, ọmọ mi. Orúkọ àìsàn yẹn gan-an ni kò gba ẹnu mi."

Gúlọ̀kómà ni. Kò dùn ún rí. Ọ̀kadà kan ló yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan tí kò rí i, ló bá kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Iwájú mọ́lẹ̀ kedere," ó ní, "ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń ká wọlé bí ẹní." N kò tíì rí àlàyé tó já gaara tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé.

Iṣẹ́ mi ni láti máa túmọ̀ ìkéde ìlera sí Yorùbá, mo sì ti pe àìsàn yìí ní "ìfúnpá ojú" rí. Ó dùn létí, torí kò sẹ́ni tí kò mọ ìfúnpá. Ṣùgbọ́n apá ni wọ́n ń fún nínú ìfúnpá. Apá wo ló wà lójú? "Ojú ríru" náà kò tọ́, nítorí àwọn kan wà tí omi inú ẹyinjú wọn kò le jù rárá, síbẹ̀ tí àìsàn náà ń bá wọn jà. "Omi ojú" ló burú jù: ẹkún ni olùgbọ́ máa gbọ́. Mo ti wá fi orúkọ náà sílẹ̀ ní gúlọ̀kómà, mo sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú àlàyé: omi inú ẹyinjú kì í sábà rí ọ̀nà jáde bó ṣe yẹ, ó wá ń ni okùn tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ lára, títí okùn náà fi ń kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá kú kì í jí mọ́. Èyí tó kù ni oògùn ń dáàbò bò. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nǹkan bí 5 nínú 100 ẹni tó ti pé 40 ọdún ló ní in, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló sì mọ̀.

Lọ́dún 2020, kòrónà dé. Ẹ wo bí "kónílé-ó-gbélé" ṣe tètè wọ̀ wá lẹ́nu: odidi gbólóhùn ni, kò sẹ́ni tó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Gáréèjì dá páropáro. Oògùn Bàbá tán, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kó lọ sílé ìwòsàn. "Oorun dá lójú mi," ó ní.

Nínú ìkéde kan lákòókò yẹn, mo kọ "àìsùn". Ìyá àgbà kan bi mí pé, "Àìsùn ta ni?" Ó jàre, torí òru ìsìnkú tàbí òru àdúrà ni à ń pè bẹ́ẹ̀. "Àìróorunsùn" ni mo ń kọ láti ìgbà náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Láti nǹkan bí ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ín kan wà lẹ́yìn ojú tí iṣẹ́ wọn gan-an jẹ́ láti sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí ó ti ṣú. Gúlọ̀kómà lè pa àwọn náà. Nítorí náà, kì í ṣe ìbẹ̀rù ìfọ́jú nìkan ló lè lé oorun lọ. Ojú fúnra rẹ̀ lè lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kan ọkàn, ọ̀rọ̀ ọkàn ló sì le jù láti túmọ̀. Bí o bá kọ "àìsàn ọkàn", ẹni tó bá kà á á di àyà mú. Bí o bá kọ "àìsàn ọpọlọ", á ní òun kì í ṣe wèrè. Ìlọrin ló kọ́ mi ní èyí tí mò ń lò: àláfíà ọkàn. Àláfíà ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀, kò sì sẹ́ni tójú ń tì láti sọ pé àláfíà òun kò pé.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà ojú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo ẹyinjú tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi aláìsàn yín pé: "Ṣé ẹ rí oorun sùn lánàá? Ṣé ọkàn yín wà ní àláfíà?"