Abẹ́rẹ́ Kéré: Ìtàn Ẹ̀rọ Ayàwòrán Rollei 35

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Rollei 35 rí, ẹ̀rọ ayàwòrán tí ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Heinz Waaske, fi ọgbọ́n orí rẹ̀ gbé kalẹ̀.

Ní ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ Olympus ní ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí ń jẹ́ Pen. Ìdajì àyè tí àwòrán máa ń gbà lórí fíìmù ni tirẹ̀ ń gbà, ọjà rẹ̀ sì yá púpọ̀. Waaske ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí i pé kì í ṣe àwòrán kékeré ni àwọn ènìyàn ń wá, bí kò ṣe ẹ̀rọ tí kò ní wúwo lọ́wọ́. Kí ni kò wá ní jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré ya àwòrán tí ó kún ojú fíìmù, mìlímítà 24 sí 36, bí ẹ̀rọ ńlá ti ń yà á?

Ilé-iṣẹ́ Wirgin ní ìlú Wiesbaden ni ó ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tí ó gbé àpẹẹrẹ ẹ̀rọ náà tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, ọ̀gá ti pinnu láti fi iṣẹ́ kámẹ́rà sílẹ̀. Waaske kó ẹrù rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Rollei ní Braunschweig ní ọdún 1965. Àwọn wọ̀nyí gbà á, wọ́n sì pàtẹ ẹ̀rọ náà ní Photokina, ìpàtẹ ńlá ti ìlú Cologne, ní ọdún 1966.

Báwo ni ohun ńlá ṣe gba inú ohun kékeré? Dígí Tessar tí ó wà lójú ẹ̀rọ náà ń wọlé, ó sì ń jáde, bí orí ahun. Gígùn ẹ̀rọ kò tó sẹ̀ǹtímítà 10. Nítorí pé kò sí àyè lókè, ìsàlẹ̀ ni a ń ki iná fíláàṣì bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó a dorí ẹ̀rọ kodò.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú rẹ̀ gan-an ni ó sọ ọ́ di olùkọ́. Kò ní ohun tí ń wọn bí ẹni tí a fẹ́ yà ti jìnnà tó. Ojú ni ayàwòrán fi ń díwọ̀n rẹ̀. Òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣe ju kí ó júwe lọ. Ọwọ́ ni a fi ń yí ohun méjì tí ó wà níwájú ẹ̀rọ, ọ̀kan fún bí ojú dígí yóò ti là tó, èkejì fún bí ìmọ́lẹ̀ yóò ti pẹ́ tó, títí abẹ́rẹ́ méjì orí òṣùwọ̀n yóò fi bára mu.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, a kó iṣẹ́ náà lọ sí Singapore, níbi tí owó òṣìṣẹ́ kò ti wọ́n. Gbèsè bo Rollei mọ́lẹ̀ ní ọdún 1981. Síbẹ̀, Rollei 35 àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí a ṣe tó bíi 2,000,000.

Lónìí, fóònù ń wọn ìmọ́lẹ̀ àti jíjìn fúnra rẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹni tí ó bá di Rollei 35 mú gbọ́dọ̀ wo ohun tí ó fẹ́ yà, kí ó díwọ̀n, kí ó ronú, kí ó tó tẹ̀ ẹ́.