Ta Ló Fọwọ́ Sí I? Aáwọ̀ Àwọn Awakọ̀ Òfúrufú àti Àtúnṣe Bàálù ní Ilé Iṣẹ́ Eastern, 1983 sí 1991

Ìfáárà

Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ń jà fún owó oṣù, tí wọ́n sì tún ń pariwo pé ohun èlò iṣẹ́ ti bàjẹ́, ọ̀rọ̀ kejì yìí kì í tètè wọ ènìyàn létí. Àwa tí a ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ mọ èyí dáadáa. Ẹgbẹ́ olùkọ́ lè sọ pé òrùlé yàrá ìkàwé ń jò, ṣùgbọ́n ohun tí aráàlú ń gbọ́ ni pé owó ni wọ́n ń wá. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a gbé irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ kan yẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tó jẹ́ pé bàálù ni ohun èlò tí wọ́n ń jà lé lórí. Èrò wa ni pé kò tọ́ kí òpìtàn kọ ẹ̀rí sílẹ̀ nítorí pé ẹni tó jẹ́ ẹ ní ohun tó ń wá. Ìwé àkọsílẹ̀ ló yẹ kí ó lọ wò, kí ó sì bi ìwé náà pàápàá léèrè ọ̀rọ̀.

Ìwé inú bàálù

Láti 1931 ni ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà, ALPA, ti wà. David Behncke, tí òun náà jẹ́ awakọ̀, ni olórí wọn àkọ́kọ́. Ní ayé ìgbà náà, awakọ̀ tó ń kú sẹ́nu iṣẹ́ pọ̀, àwọn ọ̀gá sì máa ń fẹ́ kí wọ́n gbéra nígbà tí ojú ọjọ́ kò dára. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ààbò àti ọ̀rọ̀ owó jọ bẹ̀rẹ̀ ni nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n tuntun ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ààbò dá lẹ́yìn ọ̀rúndún bí ààbọ̀, kò ka ìtàn wọn. Àwọn mẹkáníìkì ní tiwọn wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn, IAM. (Ní Nàìjíríà, awakọ̀ àti ẹnjiníà bàálù jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, NAAPE. A ò rò pé ìyàtọ̀ kékeré nìyẹn.)

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí awakọ̀ bá rí àbùkù, á kọ ọ́ sínú ìwé bàálù náà. Mẹkáníìkì á tún un ṣe, á sì fọwọ́ sí i. Àwọn àbùkù kan wà tí òfin gbà kí wọ́n sún síwájú fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn mìíràn wà tí kò ṣeé sún rárá. Ọ̀gá awakọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ìkẹyìn: á gbé bàálù náà, tàbí kó ní òun kò gbé e. Bàálù tó bá sì dúró sílẹ̀ kì í pa owó. Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà tí a ń sọ yìí ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, 1983. Bàálù Eastern kan, L-1011 ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta, gbéra ní Miami, ó ń lọ sí Nassau ní Bahamas. Ènìyàn 172 ló wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì kan, awakọ̀ pa á, ó sì yí padà sí Miami. Kó tó débẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjì yòókù kú lórí òkun. Bàálù ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń múra àwọn èrò sílẹ̀ fún omi, kí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ pa tó tún jí. Òun nìkan ni wọ́n fi balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Nígbà tí àwọn olùwádìí ìjọba tú u wò, wọ́n rí i pé àwọn rọ́bà róbótó kéékèèké tó ń dí ojú ibi tí ọ́ìlì lè gbà jò kò sí níbẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ti fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ parí. Ìwádìí náà bá àwọn mẹkáníìkì wí, ó bá àwọn alábòójútó wọn wí, ó sì bá ilé iṣẹ́ náà wí, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ọ̀dọ̀ wọn.

A mẹ́nu ba èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn òṣìṣẹ́ kò lẹ́bi kankan. Àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Láti ọwọ́ Borman sí ọwọ́ Lorenzo

Ní 1978 ni òfin tuntun jẹ́ kí ilé iṣẹ́ bàálù kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà máa dá iye owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Owó ọkọ̀ já wálẹ̀, gbèsè Eastern sì ń ga sí i. Frank Borman, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó fi Apollo 8 yí òṣùpá po ní 1968, ló ń darí rẹ̀ nígbà náà. Ó ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n gbà kí owó oṣù dínkù. Charlie Bryan, olórí àwọn mẹkáníìkì, kò gbà bí Borman ṣe fẹ́. Ní 1986, wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà fún Texas Air, tí Frank Lorenzo ni olórí rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ti mọ Lorenzo tẹ́lẹ̀: ní 1983 ó lo òfin ìwọgbèsè láti fagi lé àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́ Continental. Láàárín àkókò yìí kan náà, FAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìrìnnà òfúrufú, bu ìtanràn 9.5 mílíọ̀nù dọ́là lé Eastern lórí àìtẹ̀lé òfin ààbò. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti san án ní 1987.

Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní gbangba pé wọ́n ń fi agbára mú àwọn gbé bàálù tí kò pé. Àwọn ọ̀gá ní irọ́ ni, pé àwọn awakọ̀ ń kọ àbùkù tí kò tó nǹkan sílẹ̀ kí bàálù lè pẹ́ kí ilé iṣẹ́ lè pàdánù. Ní 1988, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́: Eastern pe ẹgbẹ́ méjèèjì lẹ́jọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ààbò ba òun jẹ́. Ní ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ yẹ gbogbo bàálù Eastern wò. Èsì jáde ní oṣù Kẹfà: kò sí ewu nínú àwọn bàálù náà, àmọ́ ìjà ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ lè di ewu. Ẹni tó bá dá ẹjọ́ ní oṣù yẹn á ní àwọn awakọ̀ purọ́.

Lójú tiwa, ó ṣeé ṣe kí awakọ̀ máa fi ìwé àbùkù jà, kí àbùkù tó kọ sì jẹ́ òótọ́.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti ẹ̀sùn

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, 1989, nǹkan bí 8,500 mẹkáníìkì àti òṣìṣẹ́ orí ilẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀. Ààrẹ George H. W. Bush kọ̀ láti dá sí i. Ohun tí Lorenzo kò retí ni pé àwọn awakọ̀, tí owó oṣù wọn fi púpọ̀ ju ti mẹkáníìkì lọ, kò ré kọjá ìlà àwọn tó ń daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù náà kò ré e kọjá. Eastern fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá, nígbà tó sì di ọjọ́ 9 oṣù náà, ó ti sá wọ abẹ́ òfin ìwọgbèsè. Ilé iṣẹ́ náà gba awakọ̀ tuntun, ó sì ń fò díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, àwọn awakọ̀ fòpin sí ìdaṣẹ́sílẹ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù Kẹrin 1990, adájọ́ gba ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Lorenzo.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Keje 1990, ìgbìmọ̀ ìfẹ̀sùnkanni ti ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ní Brooklyn fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ilé iṣẹ́ Eastern àti àwọn alábòójútó rẹ̀ mẹ́sàn-án. Ẹ̀sùn náà ni pé ní New York àti Atlanta, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti ṣe àtúnṣe tí wọn kò ṣe, kí bàálù má baà pẹ́ gbéra. Àwọn ohun tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1985, kí Lorenzo tó dé, ó sì wọ 1989. Ẹ óò ṣàkíyèsí pé àyẹ̀wò 1988 bọ́ sí àárín àkókò yìí gan-an. Ìwé tó yẹ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí láàárín awakọ̀ àti ọ̀gá ni wọ́n ń yí. Nínú kíláàsì ìtàn, a máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé àkọsílẹ̀ ìgbà náà gan-an ló lágbára jù láàárín àwọn ẹ̀rí. A ti ń fi ìtàn Eastern kún un báyìí, a sì ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ta ló fọwọ́ sí i, kí ni ì bá sì pàdánù bí kò bá fọwọ́ sí i.

Ní òru ọjọ́ 18, oṣù Kìn-ín-ní, 1991, owó tán, Eastern sì dáwọ́ fífò dúró. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ ní ilé ẹjọ́ lọ́dún náà pé òun jẹ̀bi lára àwọn ẹ̀sùn ìwé àtúnṣe náà, kò ní bàálù kankan lójú ọ̀run mọ́.