Ààfin Àlọ́, Ààfin Ìtàn: Lórí Yíya Ilẹ̀ Àròsọ fún Ọgbà Ìgbafẹ́

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn onímọ̀ kì í yé fi kan àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá tó ń kọ́ ààfin olódi, ilé ìṣọ́ gogoro àti ihò drágónì sórí ilẹ̀ òde òní. Wọ́n ní ayédèrú ni. Umberto Eco, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì tí òun fúnra rẹ̀ mọ sànmánì agbedeméjì ilẹ̀ Yúróòpù dunjú, kọ̀wé ní àwọn ọdún 1970 pé Disneyland ń kọ́ èèyàn bí ayédèrú ṣe lè tẹ́ni lọ́rùn ju ojúlówó lọ. Jean Baudrillard ará Faransé gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ ní 1981: ó ní ṣe ni wọ́n pe ọgbà náà ní àròsọ kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè máa rò pé ìlú tó yí i ká ni òótọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jinlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti há a sórí. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Àlàyé mi kò lọ́jú pọ̀. Ilẹ̀ àròsọ tó bá kéde ara rẹ̀ ní àlọ́ kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbọ́ “Ààlọ́ o!”, tó sì dáhùn “Ààlọ̀!”, ti mọ̀ pé ìjàpá kì í sọ̀rọ̀, kò ní pe apàlọ́ lẹ́jọ́. Ẹni tó yẹ ká ṣọ́ ni ẹni tó ń pàlọ́, tó sì ń pè é ní ìtàn. Ohun tí a lè bi ayàwòrán ilẹ̀ àròsọ kò ju méjì lọ: ṣé àlọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé òfin tí òun fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀, àti pé ilé ta ló fi sí àárín?

Ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ojúlówó tí wọ́n ní àwọn ọgbà yìí ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ààfin tí àwọn tó ya Disneyland àkọ́kọ́ wò ni Neuschwanstein, lórí àpáta ní Bavaria ní Jámánì. Ọdún 1869 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, nígbà tí sànmánì agbedeméjì ti kásẹ̀ nílẹ̀ fún ohun tó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ. Ọba Ludwig Kejì tó ní kí wọ́n kọ́ ọ kò ní ọ̀tá kankan tó fẹ́ fi odi dènà. Eré orin Richard Wagner ló wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Christian Jank tó kọ́kọ́ ya àwòrán ààfin náà kì í ṣe ayàwòrán ilé. Àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé ló ń yà ní tíátà. Lẹ́yìn ògiri tó dà bíi ti ìgbà láéláé, omi ẹ̀rọ ń yọ ní gbogbo àjà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba inú ilé kọjá kí yàrá lè móoru, tẹlifóònù sì wà níbẹ̀. Ludwig kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1886. Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi máa wọlé, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún èrò ìwòran, wọ́n sì ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà.

Ludwig nìkan kọ́. Ní 1867 ó lọ sí Pierrefonds ní Faransé, níbi tí Eugène Viollet-le-Duc ti ń tún àlàpà ààfin kan kọ́ fún Napoleon Kẹta, tó sì ń fi èrò orí ara rẹ̀ dí gbogbo ibi tí òkúta ti já. Ohun tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní sànmánì agbedeméjì, ilé ìṣọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ àti òrùlé ṣóńṣó, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn yìí ni. Ayàwòrán ọgbà ìgbafẹ́ kò ji ojúlówó kankan gbé. Àròsọ ló bá nílẹ̀, àròsọ ló sì gùn lé.

Ní Disneyland ti California, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955, àìsí owó wà lára ohun tó ya ilẹ̀ náà. Abúlé ló wà lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n owó ò tó, wọ́n wá kun iwájú àwọn ilé eré bí àgọ́ aláṣọ tí àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin máa ń pa síbi ìdíje. Ààfin ẹnu ọ̀nà kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 77 lọ. Ọgbọ́n ojú ni wọ́n fi gbé e ga: òkúta ìsàlẹ̀ tóbi, tòkè ń kéré sí i, ojú a sì gbà pé ṣóńṣó rẹ̀ jìnnà réré. Abúlé tí wọ́n ń fẹ́ kò dé títí di 1983.

Ohun tó tún yí padà ní 1983 ló kan ọ̀rọ̀ wa jù. Nínú eré Snow White ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ ni Snow White. Òun ni wọ́n ń lé nínú igbó, òun ni àjẹ́ ń na èso olóró sí. Ìyẹn ni kò ṣe sí ère ọmọbìnrin náà níbì kankan. Àwọn èrò á jáde, wọ́n á máa béèrè pé Snow White dà? Òfin àlọ́ wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é, kò hàn lára ògiri, kò hàn lára ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n gbé ère rẹ̀ sínú eré, ìbéèrè sì tán. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé èrò àkọ́kọ́ ló jinlẹ̀ jù. Ó lè jinlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apàlọ́ tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí àlọ́ rẹ̀ dá lé lórí kò tíì pàlọ́.

Iṣẹ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó di pé kí wọ́n kọ́ irú rẹ̀ sí Marne-la-Vallée, ní ìlà-oòrùn Paris, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1992. Ní California, kò sí ààfin àtijọ́ kan nítòsí tó lè tú àṣírí ààfin onísìmẹ́ǹtì. Ní Faransé, ọmọ ilé ìwé tó bá wọkọ̀ fún wákàtí díẹ̀ ti dé ààfin àtijọ́ Chambord. Ta ni yóò sanwó wá wo àdàkọ ohun tó wà nítòsí ilé rẹ̀? Èèyàn lè rò pé ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n túbọ̀ fara wé òótọ́, kí òkúta jẹ́ òkúta, kí ìwọ̀n má yẹ̀. Tom Morris tó darí iṣẹ́ ààfin náà, lábẹ́ Tony Baxter tó ni àbójútó gbogbo ọgbà, gba ọ̀nà kejì. Wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ òótọ́ pátápátá.

Ibi tí wọ́n sá lọ gan-an ló wù mí. Wọ́n wo Mont Saint-Michel, erékùṣù tí ilé gun ilé lórí rẹ̀ títí dé ṣóńṣó ilé ìjọsìn. Wọ́n wo fíìmù ọmọ ọba tó sùn, èyí tí Disney gbé jáde ní 1959, tí Eyvind Earle ya igbó rẹ̀ pẹ̀lú igi onígun mẹ́rin. Wọ́n sì wo ìwé àdúrà tí Earle náà ti wò ṣáájú wọn, Très Riches Heures, tí àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tó ń jẹ́ Limbourg bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún Duke ti Berry, tí ikú sì pa wọ́n lé lórí ní 1416 kí àwọn mìíràn tó wá parí rẹ̀. Bí o bá dúró níwájú ààfin náà lónìí, wàá rí àwọn igi tí wọ́n gé ní onígun mẹ́rin lórí òkè kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú fíìmù. Ògiri rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, òrùlé rẹ̀ búlúù. Nínú, òpó tó gbé àjà ró dà bí igi tó yọ ẹ̀ka, gíláàsì aláràbarà sì ń sọ ìtàn ọmọ ọba náà. Sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀, inú òkùnkùn biribiri: drágónì ńlá kan wà níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́lẹ̀, ó ń sùn. Yóò gbórí sókè díẹ̀díẹ̀, yóò bú, èéfín yóò máa ti imú rẹ̀ jáde. Wọn ò so ọkọ̀ kankan mọ́ eré yìí, kò sì sí ẹni tó ń to èrò. Ìwọ lo máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ bọ́ sí i, bí ọmọdé tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kó má ṣí.

Òfin ilẹ̀ yìí hàn láti òrùlé dé abẹ́ ilẹ̀: ìwé aláwòrán ni a wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní ayédèrú Chambord kò wò ó dáadáa. Ó sì ń gbàgbé pé àwọn èèyàn sànmánì agbedeméjì fúnra wọn ń ya ààfin tó dán ju èyí tí wọ́n ń gbé lọ.

Síbẹ̀, ibi tí mo ti yìn wọ́n gan-an ni mo ti fẹ́ bá wọn jà. Ẹ ṣí ìwé Duke náà sí ewé oṣù Kẹsàn-án. Ààfin Saumur ń tàn lẹ́yìn, òrùlé rẹ̀ ga fíofío. Níwájú, àwọn tó ń ká èso àjàrà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, agbọ̀n wà nílẹ̀, ẹranko ń ru ẹrù. Ewé oṣù Kẹwàá ńkọ́? Ààfin Louvre ló wà lẹ́yìn, ọkùnrin kan ń fúnrúgbìn níwájú. Àwọn tó ya ìwé náà kò rí àbùkù nínú kí àgbẹ̀ wà níwájú ààfin. Àwọn ayàwòrán ọgbà mú ààfin kúrò lójú ewé náà, wọ́n fi àgbẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó wọlé di ọmọ ọba. Kò sẹ́ni tó ń pọnmi.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn Efteling nìyẹn, ní Kaatsheuvel ní gúúsù Nẹ́dálándì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ àti ilé tó wà níbẹ̀ sún mọ́ ọdún 1800 ju 1400 lọ. Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1952 ni wọ́n ṣí igbó àlọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àlọ́ mẹ́wàá. Anton Pieck tó máa ń ya àwòrán sínú ìwé ló ya ilé àti èèyàn rẹ̀. Peter Reijnders ló wá ẹ̀rọ tó ń mú wọn mira. Wọ́n ní Pieck kò kọ́kọ́ gbà, àfi ìgbà tí wọ́n ṣèlérí pé ojúlówó ohun ìkọ́lé ni wọn yóò lò. Bíríkì rẹ̀ jẹ́ bíríkì, òrùlé rẹ̀ tẹ̀, ògiri rẹ̀ wọ́, bí ilé tí ọwọ́ tálákà kọ́. Ààfin ọmọ ọba tó sùn wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì ń hanrun. Ṣùgbọ́n kànga, ahéré àti abúlé àwọn àràrá lábẹ́ olú ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ẹni tó lókìkí jù nínú igbó náà kì í ṣe ọmọ ọba, ìránṣẹ́ ni: Langnek, tí ọrùn rẹ̀ ń gùn sókè títí yóò fi máa wo àwọn èrò láti orí igi.

Àpótí ìdọ̀tí ibẹ̀ ni mo fi ń dán àwọn ọgbà yòókù wò. Ibi yòówù kí àlọ́ dé, èèyàn á jẹun, á sì ní bébà láti dà nù. Ọ̀pọ̀ ọgbà máa ń kun àpótí wọn kó lè jọ ohun tó yí i ká, ó parí. Ní Efteling, láti òpin àwọn ọdún 1950, ère ọ̀kánjúwà alájẹjù kan, Holle Bolle Gijs, ló jókòó síbẹ̀, ó la ẹnu kalẹ̀, ó ń ké pe bébà. O na bébà sí i, afẹ́fẹ́ fà á mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ sínú ọ̀fun rẹ̀, ó sì dúpẹ́. Àwọn ọmọdé á máa wá ìdọ̀tí kiri ilẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan fún un jẹ. Òfin àlọ́ tó dé ibi ìdalẹ̀nù ti dé ibi gbogbo.

Ẹnìkan lè ní kí n wo Puy du Fou ní Vendée ní Faransé, pé àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Eré alẹ́ tí Philippe de Villiers dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1978, tí ọgbà fi dìde ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 1989, kún fún àwọn ará oko. Ṣùgbọ́n ìtàn ni wọ́n ń pè é, ìtàn ilẹ̀ Faransé. Ní 2022, onímọ̀ ìtàn mẹ́rin ṣèwé lórí àwọn eré ibẹ̀, wọ́n sì tọ́ka sí bí ọgbà náà ṣe ń fi ojú ọba àti ojú ìjọ wo ohun tó ti kọjá. Drágónì abẹ́ ilẹ̀ Paris kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí àgbẹ̀ wà nínú àwòrán nìkan ni mo ń sọ. Ẹni tó ń jẹ́ kí àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní orúkọ òótọ́, tó sì ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, burú ju ẹni tó gbàgbé rẹ̀ lọ.

Guédelon, nínú igbó kan ní Burgundy, ló sún mọ́ ohun tí mo ń wá jù. Láti 1997 ni wọ́n ti ń kọ́ ààfin níbẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ àti ọgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Àròsọ ni olúwa ààfin náà, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò: ìjòyè kékeré kan tí wọ́n fojú inú dá, tí ọlá rẹ̀ kò pọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ilé ní 1228. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kì í ṣe àròsọ. Inú ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, alágbẹ̀dẹ ń pọ́n irin tí wọ́n fi ń fọ́ ọ, ẹnìkan ń rìn nínú àgbá kẹ̀kẹ́ onígi kí òkúta lè gòkè. Òfin òde òní ní kí wọ́n wọ awò ààbò àti bàtà onírin, wọ́n sì wọ̀ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tí iná jó ilé ìjọsìn Notre-Dame ní Paris ní 2019, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó kọ́ṣẹ́ ní Guédelon wà lára àwọn tó gbẹ́ igi òrùlé tuntun.

Àwọn oníṣòwò yóò ní èyí ò lè mówó wọlé, pé ọmọ ọba ni èrò ń sanwó wá wò. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló ń wá síbẹ̀ lọ́dún, láti wo òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́. Láti bí ọdún 2000, owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn ló ń gbọ́ bùkátà ilé náà àti owó oṣù àwọn tó ń kọ́ ọ.