Ohùn Ṣáájú Àwòrán: Ibi Tó Yẹ Kí Prójẹ́ẹ̀tì Akẹ́kọ̀ọ́ Ti Bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ó rọrùn láti rí ìdí tí géèmù àti VR, ìyẹn awò tí a ń dé sójú tí ayé mìíràn á sì yí wa ká, fi ń fa akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe prójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mọ́ra. Ojú ni ẹni tó fẹ́ fún un ní máàkì máa kọ́kọ́ fi wò ó. Síbẹ̀, èrò mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn Ìkòrò, Ìjerò, Àrámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ohùn sílẹ̀, kí àwòrán tó tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni pé fóònù lásán lè gba ohùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni mò ń wò. Ibi tí ẹ̀rí wa pọ̀ sí ni mò ń wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ogun Kírìjì, tí àwọn Èkìtì bá Ìbàdàn jà, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Òkè-Ìmẹ̀sí, tí kò jìnnà sí Àrámọkọ, ni jagunjagun Fábùnmi ti pa Oyèpẹ̀tún, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ní 1878. Àdéhùn àlàáfíà 1886 ló pẹ̀tù sí ogun tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ sọ ogun yìí di VR gbọ́dọ̀ ya ògiri, òrùlé, aṣọ jagunjagun, títí dé igi ẹ̀bá ọ̀nà, nítorí ibikíbi tí ẹni tó dé awò bá yíjú sí, nǹkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwòrán tí ìgbà yẹn fi sílẹ̀ fún wa kò tó nǹkan. Ilé àti aṣọ tí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ti yà sílẹ̀ fún títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò fi dí àlàfo náà, òǹwòran kò sì ní mọ èyí tí ìtàn jẹ́rìí sí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rà. Ohùn kò fi dandan lé irú àbùlà bẹ́ẹ̀. Oríkì, ìtàn ìdílé àti alámọ̀, ewì tí àwọn obìnrin Èkìtì ń ké, ṣì wà lẹ́nu àwọn tó jogún wọn. Ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sì ti ní òun kò mọ̀, a lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ja ogun náà pàápàá, ìró ìbọn ńlá ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Kírìjì.

Ti géèmù kò yàtọ̀. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam kó kọ̀ǹpútà púpọ̀ jọ láti yanjú awari, ìbátan ayò ọlọ́pọ́n wa, oníhò 12 àti ọmọ 48. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣì í ta rárá, ọ̀mì ni yóò já sí. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ṣe ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ọpọ́n, tí òǹwòran ń dá sí i, tí ẹni tí wọ́n ń pa láyò ń wá èsì, kò sí nínú ìṣirò wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn kọ òfin ayò sínú fóònù ń ṣe ohun tí wọ́n ti ṣe kọjá lókè òkun. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta á ní Ìkòrò ló mú tuntun wá.

Àwọn kan lè tọ́ka sí *Daughters of Chibok*, fíìmù VR tí Joel Kachi Benson ṣe, tó gba ẹ̀bùn ní Venice ní 2019. Mo gbà pé iṣẹ́ àrà ni. Ṣùgbọ́n ìlú tó wà lórí ilẹ̀ ni kámẹ́rà rẹ̀ yà, Yana Galang, ìyá ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé, ló sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Níbi tí nǹkan bá wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwòrán tọ́: àwọn òpó tí Agbọnbiọfẹ gbẹ́ fún ààfin Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n yẹ fún VR gan-an, èyí tó bá ṣì kù nínú wọn.

Àtakò tó wúwo jù ni pé, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni àwọn tí a máa gba ohùn wọn ń sọ, gbígbà á sílẹ̀ yóò pín Yorùbá sí wẹ́wẹ́. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Àkójọ ohùn Yorùbá tí àwọn olùwádìí Google gbé jáde fún gbogbo ayé ní 2020 lé díẹ̀ ní wákàtí 4, láti ẹnu ènìyàn 36. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ará Èkìtì tó ń pe ilé ní “ulé” kò bá sí nínú wọn, ẹ̀rọ yóò máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí àṣìsọ. Nítorí náà, prójẹ́ẹ̀tì tó bá gba wákàtí díẹ̀ péré ní Ìkòrò kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ohùn, tó jẹ́ kí onítọ̀hún fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí a lè lò ó fún, tó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ààfin Olúkòrò, òmíràn ní láíbìrì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.